Ọwọ́ Òsì Nínú Àpótí Ọ̀gá

Òórùn ṣàkì tútù àti ti oògùn apakòkòrò ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Yàrá kékeré kan ni, lẹ́yìn tíátà ọsibítù tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Adó-Èkìtì, níbi tí wọ́n ń kó bẹ́ẹ̀dì tó ti dá lẹ́sẹ̀ àti àga tí kò ní ìdí mọ́ sí tẹ́lẹ̀. Fèrèsé kan péré ló ní, igi máńgòrò kan sì ti fẹ̀yìn tì í, débi pé ewé ló ń wọlé, atẹ́gùn kì í wọlé. Tí oòrùn ọ̀sán bá ti mú páànù orí ilé náà, òórùn méjèèjì á para pọ̀, á wá dà bíi pé alápatà kan kó ìsọ̀ rẹ̀ wá sínú ọsibítù. Ìwọ lè yínmú sí i, mi ò ní bá ọ jà. Ṣùgbọ́n títí di òní, tí mo bá ń gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ṣàkì kọjá ní Ọjà Ọba, tí òórùn yẹn bá kàn mí nímú, orí mi máa ń wú. Inú yàrá yẹn ni mo ti di oníṣẹ́ abẹ.

Ọ̀rọ̀ ìparí àwọn ọdún 1990 ni. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kúrò lára Oǹdó ni, gbogbo nǹkan ní Adó ló ń run ọ̀dà tuntun, àyàfi ọsibítù wa. Àwa dókítà kékeré mẹ́ta ni wọ́n pín sọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ, ọkùnrin méjì àti èmi obìnrin. Oṣù mẹ́fà la máa lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Tí oṣù mẹ́fà bá pé, ẹnìkan péré ni ọ̀gá máa mú nínú wa, tí yóò dúró lábẹ́ rẹ̀ títí yóò fi di oníṣẹ́ abẹ. Àwọn méjì yòókù á gba ẹ̀ka mìíràn lọ. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí mo rí bí wọ́n ṣe fi kẹ̀kẹ́ ti bàbá mi wọ tíátà tó ń ké, tó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde nílé ìwòsàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kò sí iṣẹ́ mìíràn tó wù mí. Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìgèdè, sì ti sọ fún gbogbo ìjọ Àgùdà ibẹ̀ pé ọmọ òun ni yóò máa la ikùn, òun náà ni yóò sì máa ran án padà. Tí mo bá lọ sílé lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ìyá ìjọ á ti máa kí mi kú iṣẹ́ abẹ kí n tó bọ́ sílẹ̀ nínú táksí. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí wọn, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọn ò mọ̀. Nínú àwa mẹ́ta, èmi ni mo gbẹ́yìn.

Ọwọ́ mi ló ń dójú tì mí. Tí wọ́n bá ní kí n ta kókó òwú, kò ní le. Tó bá sì le, á ti le jù, á já. Tí mo bá ran awọ ara aláìsàn, ojú rírán náà á rí wọ́gọwọ̀gọ bíi ti ẹni tó ń dí àpò ìrẹsì tó ya. Dókítà ọmọ Ìkéré tí a jọ wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yá bíi ti onídìrí. Ẹnìkejì, ọmọ Ìdó, kò yá tó o, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wá dúró tì mí níbi tí mo ti ń fọwọ́, ó ń nu awò ojú rẹ̀, ó sì rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kó dùn mí.

"Dókítà, ìwé yé ọ ju àwọn ọkùnrin wọ̀nyí lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ wúwo. Ṣé o mọ̀ pé iṣẹ́ dókítà àwọn ọmọdé náà níyì?"

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, mo sunkún, mo fọ ojú, mo jáde.

Ohun tí ọ̀gá kò mọ̀ ni pé ọwọ́ tó ń wò yẹn kì í ṣe ọwọ́ mi. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí mi. Ìyá bàbá mi tó tọ́ mi ní Ìgèdè ti rí i kí eyín mi tó pé lẹ́nu, ó sì gbà pé iṣẹ́ òun ni láti tún mi ṣe. Tí a bá fẹ́ jẹun, ọ̀já tó ti gbó ló fi ń so ọwọ́ òsì mi mọ́ ìbàdí. "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni," ni yóò wí, tó bá sì jẹ́ ọjọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, á fi kún un pé apá òsì ni wọ́n máa kó àwọn ewúrẹ́ sí lọ́jọ́ ìdájọ́. Ohun tí ọ̀já kò rí ṣe, ẹgba tíṣà ṣe é. Nígbà tí mo fi máa pé ọdún méje, mo ti ń fi ọ̀tún kọ̀wé, mo ń fi ọ̀tún jẹun, mo ń fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n bẹ iṣu, tí mo sì rí i pé kò sí ẹnìkankan lẹ́yìnkùlé, mo máa ń gbé ọ̀bẹ sí òsì, èèpo á sì máa jáde fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Màmá àgbà á mú èèpo náà sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, á ní, "Ẹ wo uṣu tí ọmọ mi bẹ. Kò fi nǹkan kan ṣòfò." Mi ò jẹ́wọ́ fún un rí, ó sì ti sùn nínú Olúwa kí n tó di dókítà. Mi ò bínú sí i. Bí wọ́n ṣe tọ́ òun náà ló ṣe tọ́ mi, ìfẹ́ tó ní sí mi ló sì fi so ọ̀já náà.

Ní tíátà, ẹnìkan wà tó jẹ́ Màmá àgbà mi pátápátá, àfi pé aṣọ àwọ̀ ewé ló ń wọ̀. Ìyá Tíátà la máa ń pè é. Òun ni nọ́ọ̀sì àgbà tó ń gbé irinṣẹ́ lé oníṣẹ́ abẹ lọ́wọ́, ọmọ Adó gan-an, Àgùdà paraku tí ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà kì í kúrò nínú àpò rẹ̀. Tó bá fẹ́ fún ọ ní irinṣẹ́, á fi lé ọ ní àtẹ́lẹwọ́ kó dún pàá, á ní, "Gbà!" Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún nìkan ló ń gbé e lé. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé, mo gbàgbé ara mi, mo na òsì. Ìyá Tíátà di sísọ́ọ̀sì tó fẹ́ fún mi mú, kò fi í sílẹ̀, ó kàn ń wò mí lórí ìbòmú rẹ̀ títí mo fi fa ọwọ́ náà padà bí ẹni tí iná jó.

"Mo tó bí ọ," ló wí. "O ò ní fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ mi."

Ọ̀gá ò tilẹ̀ gbọ́, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn ló ń wá. Èmi gbọ́, ó sì wọ̀ mí lára. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dúró nídìí aláìsàn bí ẹni tí wọ́n tún ti fi ọ̀já so.

Ní oṣù kẹta, ọ̀gá rin ìrìn àjò ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ sí ìlú òyìnbó. Nígbà tó dé, ó ń sọ̀rọ̀ bí ọmọdé tó lọ wo ìran. Ó ní wọ́n mú òun wọ yàrá kan tí kò sí aláìsàn níbẹ̀, tí kò sí ẹ̀jẹ̀, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n gbé kalẹ̀ àti irin méjì tí èèyàn ń dì mú. Tí o bá ti mi irin náà, wàá rí i lójú kọ̀ǹpútà bí ẹni pé inú ikùn èèyàn lo wà. O lè gé, o lè ran, o lè ṣe àṣìṣe nígbà ogún, ẹnikẹ́ni ò ní kú. Ó ní irú awò kan tiẹ̀ wà tí wọ́n ń dé sójú, tí yàrá tí o jókòó sí á pòórá, tó jẹ́ inú ara aláìsàn tí kò sí láyé rárá ni wàá máa wò káàkiri, tí o bá yíjú sókè, wàá rí ẹ̀dọ̀, tí o bá yíjú sísàlẹ̀, wàá rí ìfun. Ibẹ̀ ni àwọn dókítà kékeré tiwọn ti ń kọ́ ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọmọ ẹlòmíràn. Ọ̀gá wá wo àwa mẹ́ta lójú.

"Ara àwọn àgbẹ̀ Èkìtì lẹ̀yin ti ń kọ́ tiyín," ló wí. "Kò tọ́."

Ìyá Tíátà bi í pé ṣé ó ra ẹ̀rọ náà bọ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní bí wọ́n bá ta ọsibítù wa tòun ti igi máńgòrò ẹ̀yìn rẹ̀, kò lè rà á. "A óò kan tiwa," ló wí, ó sì ránṣẹ́ pe káfíńtà.

Pákó ni wọ́n fi kan àpótí náà, ó fẹ̀ tó àpótí aṣọ ìyàwó. Ihò méjì wà níwájú rẹ̀ tí ọwọ́ ń gbà wọlé, a sì rán apá aṣọ dúdú mọ́ ihò kọ̀ọ̀kan, tó gùn dé ìgúnpá, bíi ti àpò tí àwọn onífọ́tò ń ki ọwọ́ bọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ yọ fíìmù, kí ìmọ́lẹ̀ ìta má bàa wọlé ba àwòrán jẹ́. Tọ́ọ̀ṣì la so mọ́ òrùlé inú rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n tí àwọn nọ́ọ̀sì ń wò la gbé síwájú rẹ̀. Kámẹ́rà fídíò ńkọ́? Ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Fájuyì, tó ń ya ìsìnkú àti ìgbéyàwó, ló ń yá wa ní tirẹ̀, láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́bọ̀ nìkan, nítorí láti ọjọ́ Ẹtì ni òkú Èkìtì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fáàrí. Ṣàkì màlúù àti ìfun ewúrẹ́ ni aláìsàn wa. Wọn kì í ké, wọn kì í kú, àfi pé wọ́n ń rùn.

Àṣìṣe kan wà níbẹ̀. Ọ̀gá ti sọ fún káfíńtà pé kó gbẹ́ ihò kámẹ́rà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọwọ́ ń gbà wọlé, kó lè máa wo iṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ dókítà. Káfíńtà, ọmọlúàbí èèyàn, rò ó títí, ó ní kò bójú mu kí kámẹ́rà máa yọjú látẹ̀yìn dókítà bí olè. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ yà ní fọ́tò, iwájú ni wọ́n ń dúró sí yà á. Ló bá gbẹ́ ihò náà sí òdìkejì. Báyìí ni kámẹ́rà ṣe ń wo ọwọ́ wa láti iwájú, bí ẹni tó kọjú sí wa. Ohun tí ọwọ́ òsì rẹ bá ń ṣe, apá ọ̀tún tẹlifíṣọ̀n ló ti ń hàn. Ohun tí ọ̀tún bá ń ṣe, apá òsì ni. Tí o bá ti abẹ́rẹ́ síwájú, wàá rí i tó ń bọ̀ wá bá ọ.

A rò pé ọ̀gá máa bínú. Ó ki ọwọ́ tirẹ̀ bọ inú àpótí náà, ó ṣe é, ó ṣe é tì, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀," ló wí. "Iṣẹ́ abẹ tuntun tí wọ́n ń gbé bọ̀ yìí, ihò kékeré ni wọ́n ń gbà wọ ikùn, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń wò. Bí ọwọ́ bá lọ sọ́tùn-ún, irin á lọ sósì. Ẹni tó bá borí àpótí yìí, kò sí ohun tí yóò rí níbẹ̀ tí yóò bà á lẹ́rù." Ó wá sọ ọ̀rọ̀ tó gba oorun lójú mi. Ó ní nígbà tí oṣù mẹ́fà bá pé, iwájú àpótí yẹn lòun máa ti dán wa wò, ẹni tó bá ṣe dáadáa jù lòun máa mú.

Ọmọ Ìkéré tí ọwọ́ rẹ̀ ń yá, àpótí náà dójú ti òun náà ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó fẹ́ fi abẹ́rẹ́ gún ṣàkì, pákó ló ń gún. Ìyá Tíátà tó jókòó ti tẹlifíṣọ̀n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Dókítà," ló wí, "ulé ẹlòmíràn lẹ ń wọ̀ yẹn o!" Èmi náà ṣe tèmi, mo fi ọwọ́ ọ̀tún di ẹ̀mú tó ń gbé abẹ́rẹ́ mú, mo sì burú ju gbogbo wọn lọ. Ìyá Tíátà ò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín tèmi. Àánú mi ń ṣe é, èyí ló sì dùn mí jù.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, àwọn yòókù ti lọ jẹun, èmi nìkan ló kù nínú yàrá náà. Mo ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú aṣọ dúdú. Mo gbìyànjú, ó kọ̀. Mo tún gbìyànjú, ó tún kọ̀. Mi ò lè sọ ohun tó sọ sí mi lọ́kàn. Bóyá nítorí pé kò sí ẹni tó lè rí ọwọ́ mi nínú àpótí yẹn ni, gẹ́gẹ́ bí kò ṣe sí ẹni tó ń rí mi lẹ́yìnkùlé Màmá àgbà. Mo gbé ẹ̀mú náà bọ́ sí òsì. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ó hàn ní apá ọ̀tún, bó ṣe yẹ kó hàn lójú gbogbo ayé. Abẹ́rẹ́ wọ ṣàkì, ó jáde níbi tí mo fẹ́ kó gbà jáde. Mo ta kókó, kókó náà jókòó jẹ́ẹ́. Mo ta òmíràn. Òjò ń lu páànù, èmi nìkan ń rẹ́rìn-ín bí wèrè.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo ronú ìdí rẹ̀. Àwọn yòókù, ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn nìyẹn tí wọ́n máa ní láti yí ọ̀tún sí òsì nínú orí kí wọ́n tó ṣe nǹkan. Èmi, láti kékeré ni mo ti ń yí i, nídìí oúnjẹ, nídìí ìwé, níbi tí mo bá ti fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ohun tí wọ́n fi ọ̀já àti ẹgba kọ́ mi gan-an ni àpótí náà ń béèrè. Kì í kúkú ṣe pé ó rọrùn. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe ẹ̀mú náà fún, tí o bá fi òsì dì í, eyín rẹ̀ kì í fẹ́ tú, mo sì ní láti kọ́ bí èèyàn ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ rọra tì í kó tó jọ̀wọ́ abẹ́rẹ́. Gbogbo ọ̀sán tí mo bá ráyè ni mo ń lọ síbẹ̀. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Obìnrin tí mo ń ra ṣàkì lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ọjà Ọba rò pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó ni. "Ọkọ yín mà fẹ́ràn ṣàkì o, Dókítà," á ní, á sì já díẹ̀ kún un. Mi ò ní ọkọ nígbà náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní màá bá a kí i.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ọ̀gá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, Ìyá Tíátà jókòó tì í, àwọn nọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìfun ewúrẹ́ ni wọ́n gbé sínú àpótí, wọ́n ti là á níbì kan. Kókó mẹ́fà ni kí a fi ran án pa. Tí a bá ṣe tán, ọ̀gá á da omi sínú rẹ̀, á fún un, kó lè mọ̀ bóyá yóò jò. Ọmọ Ìdó ló kọ́kọ́ ṣe, tirẹ̀ jò ní ojú méjì. Ọmọ Ìkéré tẹ̀ lé e. Ó ti kọ́ àpótí náà dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ojú kan ṣoṣo ló jò, omi ń kán tó, tó, tó. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, ó sì tọ́ sí i.

Ó wá kàn mí. Mo fi ọ̀tún gbé ẹ̀mú wọ inú aṣọ dúdú, nítorí pé ojú Ìyá Tíátà wà lára mi. Nínú òkùnkùn ibẹ̀ ni mo ti gbé e bọ́ sí òsì. Kókó kìíní dì. Ìkejì dì. Nígbà tí mo dé orí ìkẹta, mo ṣàkíyèsí pé àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ti sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ìyá Tíátà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó rọra sọ ọ́ bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ wo ọwọ́. Ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún tó mọ uṣẹ́!"

Mo ta ìkẹfà. Ọ̀gá ní, "Ó tó. Yọwọ́."

Màá sọ òtítọ́ fún ọ. Mo ti ṣètò rẹ̀ pé tí mo bá ṣe tán, nínú aṣọ dúdú yẹn ni màá ti gbé ẹ̀mú padà sí ọ̀tún, màá fà á jáde wẹ́rẹ́, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ títí ayé. Ìka mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e padà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Ìyá Tíátà ń dún létí mi, ọwọ́ ọ̀tún tó mọ iṣẹ́, mo sì rántí èèpo iṣu tí wọ́n fi yìn mí tí mi ò lè sọ ẹni tó bẹ ẹ́. Inú bí mi. Ọwọ́ tó ṣiṣẹ́, òmíràn ni wọ́n tún fẹ́ kí kú iṣẹ́. Mo fa òsì jáde, ẹ̀mú wà nínú rẹ̀, mo gbé e sókè níbi tí gbogbo wọn á ti rí i.

"Òsì!" Ìyá Tíátà ti dìde dúró. "Jésù o. Òsì!"

Ọ̀gá ṣí ìdérí àpótí, ó gbé ìfun náà jáde, ó da omi sínú rẹ̀, ó di ẹnu rẹ̀ méjèèjì mú, ó fún un. Ìfun náà wú, ó ń dán. A dúró. Ó tún fún un sí i, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Kò kán ẹ̀kán kan ṣoṣo. Ọ̀gá wá gbé e kalẹ̀, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó yíjú sí mi.

"Ta ló wá ní kí o máa fi èkejì bá mi ṣiṣẹ́ láti oṣù mẹ́fà?"

Mo ní, "Ìyá bàbá mi ni, sà."

Ẹ̀rín pa gbogbo yàrá. Èmi ni mo ń sunkún. Ọmọ Ìkéré tó mọ̀ pé ipò náà ti bọ́ lọ́wọ́ òun na ọwọ́ òsì tirẹ̀ sí mi, kí n bọ̀ ọ́, mi ò sì lè gbàgbé inú rere ọjọ́ náà fún un láé. Ọ̀gá ní lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, èmi ni màá ṣe iṣẹ́ abẹ bàbá àgbẹ̀ ará Ìyìn kan tí ìpá ń yọ lẹ́nu, òun á kàn dúró tì mí. "Ọwọ́ tí mo rí lónìí ni kí o mú wá," ló wí.

Ìyá Tíátà ò rẹ́rìn-ín. "Nínú tíátà mi, ọ̀gá?"

"Nínú tíátà wa, Màmá."

Ó wo ọ̀gá, ó wò mí, ó ki ọwọ́ bọ àpò síbi tí ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀ wà, ó sì jáde. Ayọ̀ mi dín kù níbẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ tí ẹni tó ń gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́ kò bá fẹ́ gbé e lé e, kí ló fẹ́ fi ṣiṣẹ́?

Ní Ọjọ́bọ̀, mo padà lọ sí yàrá náà lọ́sàn-án láti mú ìwé tí mo gbàgbé síbẹ̀. Ẹnìkan wà níwájú àpótí, apá rẹ̀ méjèèjì wà nínú aṣọ dúdú, awò ojú rẹ̀ ti yọ̀ wá sórí imú. Ìyá Tíátà ni. Kò gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Lórí tẹlifíṣọ̀n, mo rí ọwọ́ àgbà tó ń fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu ẹ̀mú, tó ń yọ ọ́, tó ń yí i padà, tó tún ń fi í síbẹ̀. Ó yé mi. Abẹ́rẹ́ tí a fi ń ran ara èèyàn tẹ̀ kọrọdọ. Ibi tí ó gbọ́dọ̀ kọjú sí fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún, òdìkejì rẹ̀ ni ti ọlọ́wọ́ òsì. Láti ìgbà tó ti di nọ́ọ̀sì, ojú kan náà ló ti ń kọ ọ́ sí. Ó ń kọ́ ìkejì, pẹ̀lú ewú lórí, nítorí mi.

Mo fẹ́ rọra padà sẹ́yìn, bàtà mi dún.

"Wọlé," ló wí, kò yíjú. "Ṣé bó ṣe máa kọjú nìyí?"

"Ó kù díẹ̀, mà."

"Wá fi hàn mí nígbà náà."

Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe. Ó fi ẹsẹ̀ tì mí. "Dìde jàre. Uṣẹ́ ni mo ní kí o kọ́ mi, mi ò ní kí o kúnlẹ̀." Mo ki ọwọ́ bọ ihò kan, tirẹ̀ wà nínú èkejì, a jọ ń wo tẹlifíṣọ̀n, títí abẹ́rẹ́ fi kọjú síbi tó yẹ. Nígbà tí a ṣe tán, ó ní, "Ọlọ́run tó fún ọ ní òsì, ṣé èmi ló fẹ́ kí n bá a jà?" Ó nu ọwọ́, ó lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ohun tí mo kọ́kọ́ rí nígbà tí mo wọ tíátà ni tábìlì irinṣẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà, apá ọ̀tún oníṣẹ́ abẹ ni tábìlì yẹn ń wà, kódà táyà rẹ̀ ti ya ọ̀nà sí ilẹ̀ ibẹ̀. Lọ́jọ́ náà, apá òsì ló wà. Bàbá àgbẹ̀ náà nà gbalaja, wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ sẹ́yìn, kò mọ ìrora, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là. Ó wo òkè, ó wò mí, ó ní, "Àbí obìnrin ló fẹ́ ṣe é?"

"Òun ni," Ìyá Tíátà dá a lóhùn. "Ẹ dijú, ẹ máa gbàdúrà fún un."

Mo na ọwọ́ òsì mi. Ìyá Tíátà gbé irinṣẹ́ náà lé e, ó dún pàá, gbogbo tíátà gbọ́ ọ.

"Gbà, Dókítà."

Mo gbà á, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàbá àgbẹ̀ náà lọ sílé láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ó sì fi iṣu márùn-ún ránṣẹ́ sí mi, èyí tí mo fi òsì bẹ ní gbangba, lójú gbogbo àwọn nọ́ọ̀sì.

Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, èmi náà dé ìlú òyìnbó, wọ́n sì dé awò yẹn sí mi lójú. Yàrá pòórá lóòótọ́ bí ọ̀gá ṣe wí, mo sì rí ara mi nínú ikùn ẹni tí kò sí láyé. Ó dára, ó yani lẹ́nu, kò sì rùn. Ẹni tó ń darí wa níbẹ̀ bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ irú ẹ̀rọ báyìí tẹ́lẹ̀. Mo ní nínú àpótí pákó kan ní Adó-Èkìtì, tí káfíńtà gbẹ́ ihò rẹ̀ sódì nítorí pé ó lójútì. Ó rò pé eré ni mò ń ṣe. Ojú mi ń wò ó, ṣùgbọ́n ọkàn mi wà lọ́dọ̀ Ìyá Tíátà àti aṣọ dúdú yẹn. Èyí tí wọ́n fún mi ní Adó ju ẹ̀rọ lọ. Ọwọ́ mi ni wọ́n dá padà fún mi.

Mi ò sì kọ ẹ̀kọ́ Màmá àgbà sílẹ̀. Bí àlejò bá bi mí ní ọ̀nà ilé bàbá mi ní Ìgèdè, ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń júwe rẹ̀ títí di òní. Àmọ́ kí bàbá mi tó kú, kò sí ẹni tó tún ń béèrè ilé tíṣà mọ́ ní àdúgbò wa. Ilé bàbá oníṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń béèrè, ọwọ́ òsì yìí ló sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.